Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Òfin Kò Dárúkọ: Ìlànà Ìjọba lórí Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn àti Ọ̀rọ̀ Rigasa

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Tí a bá fi òwe yìí wo ìtàn ìlànà ìjọba lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Nàìjíríà, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn ni ìjọba ti ń sọ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn lórúkọ. Ó ń fún un ní àyè lórí àtẹ iṣẹ́ kíláàsì, ó ń dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ mìíràn, ó sì tún ń yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tálákà ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà gan-an, ìyẹn ilé-kéwú, kì í sábà wà lára ohun tí àwọn aṣòfin ń wò.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpa ìlànà náà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn títí di òní, kí a sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rigasa ní ọdún 2019 dán an wò. Rigasa jẹ́ àdúgbò ńlá tí èrò kún fọ́fọ́ ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Kàdúná, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Igabi. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Àbújá lọ sí Kàdúná láti ọdún 2016 yóò mọ orúkọ náà, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń já èrò sí. Èrò wa ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rigasa kì í ṣe ọ̀rọ̀ Hausa nìkan, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àlàfo kan ló wà nínú òfin. Àlàfo náà ti wà níbẹ̀ kí a tó bí àwọn ọmọ tó jìyà rẹ̀, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ mélòó kan. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ilé-kéwú ni Hausa ń pè ní makarantar allo, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ wàláà. Wàláà tiwa àti allo tiwọn, inú èdè Lárúbáwá kan náà ni méjèèjì ti wá, pákó tí ọmọ ń kọ àyọkà Kùránì sí ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ almajiri náà, èdè Lárúbáwá ni a ń tọpa rẹ̀ lọ, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ẹni tó ṣí kúrò nílùú rẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ fà lé ààfáà lọ́wọ́ ní ìlú òkèèrè ni Hausa ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà kí a fi ọmọ sọ́dọ̀ ààfáà kò ṣàjèjì ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní Ìwó tàbí ní Ẹ̀pẹ́.

Ayé Àwọn Amúnisìn

Ẹ̀sìn àti ìwé jọ wọ ilẹ̀ Yorùbá ni. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọdún 1843, Bíbélì ni ìwé kíkà, ìwé kíkà sì ni Bíbélì. Fún nǹkan bí ogójì ọdún ni ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí i. Òfin Ètò Ẹ̀kọ́ ọdún 1882, èyí tí ó kan Èkó nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ló kọ́kọ́ là á sílẹ̀ pé ìjọba yóò máa fi owó ran ilé-ìwé àwọn ajíhìnrere lọ́wọ́, àti pé a kò gbọdọ̀ fi ipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí òbí rẹ̀ kò fẹ́. Ní ọdún 1887, Èkó ní òfin ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Gbólóhùn pé a kò gbọdọ̀ fi ipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn dára, ó sì wà nínú òfin wa títí di òní. Síbẹ̀, ilé-ìwé kan ṣoṣo ni ó rò tì, ìyẹn ilé-ìwé àwọn òyìnbó. Àwọn Mùsùlùmí Èkó kò fẹ́ kí ọmọ wọn lọ síbẹ̀ kí ó wá di Kìrìsìtẹ́nì, owó ìjọba kò sì dé ilé-kéwú tí ọmọ wọn ń lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìjọba Èkó dá ilé-ìwé Mùsùlùmí ti ìjọba sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896, ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1898, àti ní Àgbádárìgì ní ọdún 1899. Níbẹ̀, ọmọ ń kọ́ Kùránì, ó sì ń kọ́ ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. A lè sọ pé ìgbà yẹn ni ìjọba kọ́kọ́ bojú wo ilé tí ọmọ ti wá kí ó tó kọ́ ilé-ìwé fún un. Ó ṣeni láàánú pé ìgbìyànjú náà kò tàn kálẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ló wá gbé e ró lẹ́yìn náà, pàápàá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923.

Ọ̀nà mìíràn ni ìjọba gbà ní Òkè Ọya. Nígbà tí Lugard gba Sókótó ní ọdún 1903, ó ṣèlérí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní dá sí ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Nítorí ìlérí yìí, ìjọba dín ẹsẹ̀ àwọn ajíhìnrere kù ní ilẹ̀ àwọn ẹ́míà, ilé-ìwé ìjọba tí Hanns Vischer bẹ̀rẹ̀ ní Kánò ní nǹkan bí ọdún 1909 kò sì gba ju ọmọ díẹ̀ lọ. Ilé-kéwú ni ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ayé. Nínú ìṣirò tí ìjọba ṣe ní nǹkan bí ọdún 1913, ilé-kéwú tó wà ní Àríwá lé ní 19,000, ọmọ inú wọn sì lé ní 140,000.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye yìí. Ìjọba ka ilé-kéwú, ó ka ọmọ inú rẹ̀, ó sì kọ iye wọn sínú ìwé. Lẹ́yìn tí ó kà wọ́n tán, kò fún wọn lówó, kò rán alábẹ̀wò sí wọn, kò sì ka ohun tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀kọ́. Ó pa ìlérí rẹ̀ mọ́ ní ti pé kò dá sí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n kí á má dá sí ẹ̀sìn kò túmọ̀ sí kí á má bojú wo ọmọ. Àwọn amúnisìn da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn, ìdàpọ̀ yìí ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí wọ́n ń lọ.

Lẹ́yìn Òmìnira

Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955 kó ọmọ wọ ilé-ìwé lọ́pọ̀ yanturu. Ilé-kéwú kò kú nítorí rẹ̀. Ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, ó sì ń lọ sí ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọdún 1955 yìí kan náà ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilori kó Markaz, tí ó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, lọ sí Agége. Ó fi kíláàsì, ìwé orúkọ, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí sí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, kò sì dúró de ìjọba kí ó tó ṣe é. Èyí fi hàn pé ilé-kéwú lè tún ara rẹ̀ ṣe láti inú wá. Ó tún fi hàn pé níbi tí ọmọ bá ti ní ilé-ìwé mìíràn tí ó ń lọ, ilé-kéwú kì í di àgọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976 ni ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ìwé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1977. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn di iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ kíláàsì, ìlànà náà sì tẹnu mọ́ ọn pé a kò ní fi ipá mú ọmọ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí òbí rẹ̀ kò fẹ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 sọ bẹ́ẹ̀, ti ọdún 1999 náà sì tún un sọ ní abala 38. Abala yìí kan náà sọ pé a kò gbọdọ̀ dí ẹlẹ́sìn kankan lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Tí a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà méjì ni òfin là. Ọ̀nà kìíní ni iṣẹ́ ẹ̀sìn ní ilé-ìwé ìjọba, tí ó ní sílébọ́ọ̀sì, olùkọ́ tí ìjọba ń san owó oṣù fún, àti ìdánwò. Ọ̀nà kejì ni ilé tí ẹlẹ́sìn dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí òfin sọ pé kí a fi sílẹ̀ fún un. Ìbéèrè tí kò sí nínú ọ̀nà méjèèjì ni èyí: ta ni yóò ka iye ọmọ tó sùn sí ilé kejì yìí lálẹ́, ta ni yóò béèrè ohun tí wọ́n jẹ, ta ni yóò mọ̀ bí wọ́n bá ń jìyà? Ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi lọ́lẹ̀ ní Sókótó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, tí ó di òfin ní ọdún 2004, sọ pé ọ̀ràn-anyàn ni ọdún mẹ́sàn-án ẹ̀kọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tó wà ní ilé-kéwú láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò sí nínú ìwé orúkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di ọdún 2012, ìjọba Ààrẹ Jonathan gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwòkọ́ṣe fún àwọn almajiri ní Gagi, ní ìlú Sókótó, ó sì kọ́ irú rẹ̀ tó lé ní 150 kí ó tó kúrò lórí oyè ní ọdún 2015. Ohun tí Èkó ṣe ní ọdún 1896 ni wọ́n tún ṣe, ìyẹn Kùránì àti ìwé lábẹ́ òrùlé kan. Ṣùgbọ́n àwọn ilé tuntun ni ìjọba kọ́. Àwọn ilé àtijọ́ tí ọmọ wà nínú wọn, kò sí ohun tó yí padà nínú wọn.

Ìjà lórí Orúkọ Iṣẹ́

Ní nǹkan bí àkókò yìí ni ìjọba àpapọ̀ tún sílébọ́ọ̀sì ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ṣe. Ó kó ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe ọmọ ìlú sábẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó sọ ní Ẹ̀sìn àti Ìwà Ọmọlúwàbí Orílẹ̀-Èdè. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé iṣẹ́ ọmọ pọ̀ jù. Ariwo ta lórí rẹ̀ ní ọdún 2017. Ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, CAN, kọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Adelé Ààrẹ Ọ̀ṣínbàjò. Àwọn Mùsùlùmí kan náà kò fẹ́ ìdàpọ̀ náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba kéde pé àwọn yóò tún ya ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn méjèèjì sọ́tọ̀.

A kò sọ pé ìjà yẹn kò nídìí. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, ẹlẹ́sìn sì ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ kí a pe ẹ̀sìn òun lórúkọ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tó bá ní sílébọ́ọ̀sì ni ìjà náà kàn. Ọmọ tó ń gbé wàláà kiri ní Rigasa kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Rigasa

Kàdúná, tí ó di olú-ìlú Àríwá ní ọdún 1917, jẹ́ ìlú tí onírúurú ènìyàn jọ ń gbé. Hausa, Yorùbá, Ígbò àti àwọn ènìyàn gúúsù Kàdúná jọ ń gbé àdúgbò kan náà títí di oṣù Kejì ọdún 2000, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí òfin Sharia. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlú náà pín sí méjì. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ṣí lọ sí ìhà gúúsù odò Kàdúná, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì ṣí wá sí ìhà àríwá. Rigasa wà lára àwọn àdúgbò tí ó kún sí i. Èrò pọ̀, iṣẹ́ kò tó, ilé-ìwé ìjọba kò sì lè gba ọmọ tó wà nílẹ̀. Ní ọdún 2017 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 21,780 ni kò yege nínú ìdánwò tí a ṣe fún wọn. Nígbà tí ilé-ìwé ìjọba bá rí báyìí, òbí kò lè ṣàì wá ibòmíràn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa tí àwọn tó ni ín ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 ni wọ́n bá níbẹ̀. A fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn kan lẹ́sẹ̀, àpá ẹgba wà lára àwọn mìíràn, àwọn ọmọ kéékèèké sì wà láàárín wọn. Àwọn kan ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Àwọn ẹbí kan ṣàlàyé pé kí ọmọ lè kọ́ Kùránì ni àwọn ṣe mú un wá, àwọn mìíràn mú tiwọn wá nítorí oògùn olóró. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́pàá tún wọ ilé mìíràn ní Rigasa yìí kan náà, wọ́n sì tú ènìyàn 147 sílẹ̀, obìnrin 22 wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ilé yìí ń ṣe. Ó jẹ́ ilé-kéwú, ó jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn tí oògùn olóró ti bà jẹ́, ó sì jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìjọba kò ní ibi tí tálákà lè gbé ọmọ tó ń mu oògùn olóró lọ lówó pọ́ọ́kú. Òbí kò ní ẹlòmíràn tí yóò fẹjọ́ sùn ju ààfáà lọ. Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò sì wà níbẹ̀. Bí ilé náà bá jẹ́ ilé-ìwé lójú òfin, alábẹ̀wò ilé-ìwé ìbá ti dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn, dókítà ìbá ti dé ibẹ̀. Nítorí pé kò ní orúkọ lójú òfin, ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Àríwá nìkan ni èyí, kí ó rántí pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn. Ìbàdàn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, tí yunifásítì àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí wà, kò bọ́ nínú rẹ̀. Àlàfo kan náà ló wà ní ìlú méjèèjì.

Lẹ́yìn Rigasa

Ìdáhùn ìjọba yá kánkán, ṣùgbọ́n títì àti kíkó ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, àwọn gómìnà Àríwá fẹnu kò láti kó àwọn almajiri padà sí ìpínlẹ̀ wọn, Kàdúná sì wà lára àwọn tó kó ọmọ ránṣẹ́. A ti ilé, a kó ọmọ, ṣùgbọ́n ìdí tí ọmọ fi dé ibẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin tó dá Àjọ Orílẹ̀-Èdè fún Ẹ̀kọ́ Àwọn Almajiri àti Àwọn Ọmọ Tí Kò Sí ní Ilé-Ìwé sílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́fà ọdún láti ìgbà tí Lugard ti ṣèlérí ní Sókótó kí òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó dárúkọ almajiri ní gbangba. Ó yẹ kí a yìn ín. Síbẹ̀, àwọn ìbéèrè kan ń bẹ tí dídárúkọ nìkan kò lè dáhùn.

Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn ààfáà ni èyí tó ṣòro jù. Wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-ìwé àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970. Ìjọba fi orúkọ sínú ìwé, ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó gba ilé-ìwé. Aáwọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin ní ọdún 2021 lórí híjáàbù ní àwọn ilé-ìwé mẹ́wàá tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ fi hàn pé ìbéèrè ta ló ni ilé-ìwé kò tíì parí. Ààfáà tó bá sọ pé òun kò fẹ́ kí ìjọba kọ orúkọ ilé-kéwú òun sílẹ̀ kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Nítorí náà, òfin gbọdọ̀ ya ohun méjì sọ́tọ̀ gedegbe, èyí tí àwọn amúnisìn kò yà: ohun tí a ń kọ́ ọmọ nípa Ọlọ́run, tí ó jẹ́ ti ẹlẹ́sìn, àti ara ọmọ, oúnjẹ rẹ̀, ibùsùn rẹ̀ àti òmìnira rẹ̀ láti padà sílé, tí ó jẹ́ ojúṣe gbogbo ìlú. Ìjọba lè bojú wo èkejì láìfọwọ́ kan èkíní.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé láti ọdún 1882 ni òfin wa ti ń dáàbò bo ọmọ kí a má baà fi ipá kọ́ ọ ní ẹ̀sìn ẹlòmíràn. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì dáàbò bo ọmọ tó wà nínú ilé ẹ̀sìn tirẹ̀, ibi tí a bá ọmọ Rigasa àti ti Ìbàdàn sì nìyẹn. Ìjà lórí orúkọ iṣẹ́ ní ọdún 2017 gba ojú gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé tí ọlọ́pàá wọ̀ ní ọdún 2019 ti wà nílẹ̀ nígbà náà.

Iṣẹ́ wà fún àwa olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé ìjọba, ẹni tí kò bá mọ ABD ni a sábà ń pè ní aláìmọ̀wé. Ààfáà tó ti fi ogún ọdún kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ní lẹ́tà Lárúbáwá, èyí tí a ń pè ní anjẹmi, kò mọ ìwé lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ti Hausa tó ń kọ ajami. Bí a bá fẹ́ kí ààfáà kọ orúkọ ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ ìlú tó ti wá àti orúkọ òbí rẹ̀, a lè ṣe ìwé orúkọ náà ní èdè tí ó ń sọ àti ní lẹ́tà tí ó ń kọ. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ìwé orúkọ kan ní anjẹmi àti ní ajami, pẹ̀lú alábẹ̀wò kan tó gbọ́ èdè ààfáà tí ó sì ń yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ni a lè fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka igba ojú náà.